Ìlà Àárín

Ọdún méjì gbáko ni màámi fi ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù: "Kí lò ń wọ̀n gan-an níbẹ̀ yẹn?"

Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀n ní tiwọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Ọ̀pá onígi tí wọ́n fi ń wọn yáàdì ti dán lọ́wọ́ wọn débi pé nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò nílò nọ́ńbà mọ́. Tí mo bá ní, "Màámi, náítírójìn ni mò ń wọ̀n," wọ́n á ní, "Ti inú fatiláísà?" Mo á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Wọ́n á ní, "Kìló mélòó wá ni?" A ó jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì yà sí ibòmíràn.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mò ń wọ̀n nígbà náà kì í ṣe ohun tí òṣùwọ̀n ọjà lè gbé. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni mo wà, mò ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí kò ní fèrèsé, mò ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo átọ́ọ̀mù náítírójìn, mo sì ń wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà ìmọ́lẹ̀ kan àti èkejì. Hyperfine structure ni àwọn onímọ̀ ń pe nǹkan náà. Iṣẹ́ yẹn ló rán mi létí ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kọ́ ní ìsọ̀ màámi láti kékeré, tí mo sì ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí náítírójìn fúnra rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Tí a bá pín afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n ń so mọ́ra, wọ́n á sì dira mú débi pé ó ṣòro láti yà wọ́n. Èmi kò wá méjì, ẹyọ kan ni mò ń wá. Nítorí náà, a máa ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá gíláàsì kan jáde títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, a ó wá tú náítírójìn bíńtín sínú rẹ̀, a ó sì tan iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sí i. Kíá, ọ̀pá náà á tàn, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Nínú rògbòdìyàn iná yẹn ni àwọn kan ti ń já kúrò lára ẹnìkejì wọn.

Kò tán síbẹ̀. Tí átọ́ọ̀mù náítírójìn bá wà ní ìsinmi, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 120 nanomita, èyí tí afẹ́fẹ́ lásán ń gbé mì kó tó rìn dé ibì kan. Lésà kékeré tí èmi ní kò dé ibẹ̀ rárá. Ọgbọ́n tí a dá ni pé a jẹ́ kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kọ́kọ́ gbé àwọn átọ́ọ̀mù kan dé ìpele òkè, kí lésà tó wá bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ 868 nanomita tàbí 821. Àwọ̀ yìí ti kọjá pupa. Ojú ènìyàn ò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Káàdì kékeré kan ni a fi ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà kọjá.

Kí wá ni à ń wọ̀n? Kókó kan wà ní àárín átọ́ọ̀mù. Kókó náítírójìn tó wọ́pọ̀ ní prótọ̀n 7 àti niútírọ̀n 7, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní náítírójìn-14. Kókó yìí ń ṣe bíi mágínẹ́ẹ̀tì tíńtín. Àwọn ẹlẹ́kítírọ̀n tó yí i ká náà ní mágínẹ́ẹ̀tì tiwọn. Bí tibí ṣe kọjú sí tọ̀hún ń yí agbára átọ́ọ̀mù padà díẹ̀, wọn ò sì lè kọjú síra bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀nà tó níye ni. Fún ìpele kan tí mo gbájú mọ́, ọ̀nà mẹ́ta péré ni. Nítorí náà, ìpele tí a rò pé ẹyọ kan ni, tí a bá wò ó fínnífínní, mẹ́ta ni, wọ́n kàn fara ti ara wọn ni. Nígbà tí ìpele bá pín, ìlà ìmọ́lẹ̀ náà á pín. Láti ara àlàfo àwọn ìlà yìí ni a ti ń ṣírò nọ́ńbà kan tí à ń pè ní A, tó ń sọ bí mágínẹ́ẹ̀tì kókó àti ti àwọn ẹlẹ́kítírọ̀n ṣe di ara wọn mú tó.

Báwo ni àlàfo náà ṣe kéré tó? Ìmọ́lẹ̀ 868 nanomita ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà tírílíọ̀nù 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlàfo tí mò ń wá kò pé bílíọ̀nù kan. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù ni. Bí ẹni tó ń wọn ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni, tó sì jẹ́ pé ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé átọ́ọ̀mù kì í dúró. Nínú ọ̀pá yẹn, wọ́n ń sáré ju ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ẹ ti gbọ́ bí fèrè áńbúláǹsì ṣe ń ròkè nígbà tó ń bọ̀, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tó bá kọjá tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lójú átọ́ọ̀mù tó ń sáré: èyí tó ń bọ̀ wá pàdé lésà rí àwọ̀ kan, èyí tó ń sá lọ rí òmíràn. Tí gbogbo wọn bá jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ á wú, á sì bo gbogbo àlàfo tí mo fẹ́ wọ̀n mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a pín ìmọ́lẹ̀ lésà sí méjì, ọ̀kan tó le, ọ̀kan tó rọ̀, kí a sì rán wọn gba inú ọ̀pá náà láti ìhà tó dojú kọra. Átọ́ọ̀mù tó ń lọ pàdé ọ̀kan ń sá fún èkejì, nítorí náà, méjèèjì kò jọra lójú rẹ̀. Èyí tí kò lọ sọ́tùn-ún tí kò lọ sósì nìkan ló ń rí méjèèjì bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ tó le á ti bọ́ ọ yó. Tí èyí tó rọ̀ bá dé, kò ní lè jẹ mọ́, ìmọ́lẹ̀ náà á sì kọjá lọ. Lórí gíráàfù, ẹ ó rí òkè ṣóńṣó kan tó dìde níbẹ̀. Ìlà tí à ń wá nìyẹn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ kedere.

Alẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, gbogbo rẹ̀ gún régé. Lésà dúró sójú kan, iná inú ọ̀pá kò gbọ̀n, gíráàfù sì jáde bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Mo rí àwọn ìlà ńláńlá, mo sì rí àwọn kéékèèké láàárín wọn. Inú mi dùn sí àwọn kéékèèké yẹn jù. Tíọ́rì ti sọ fún wa pé àwọn ìlà kan kò ní lágbára tó àwọn yòókù. Mo ní àwọn nìyí. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, mo ṣírò A, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà mi kò bá ti ìṣirò mu rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, wọ́n jìnnà síra. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan tí kò lariwo, ló ń ṣe ìṣirò yẹn lórí kọ̀ǹpútà. Dípò kí n bi ara mi léèrè, ṣe ni orí mi wú. Mo ní nínú ara mi pé kọ̀ǹpútà kò rí átọ́ọ̀mù rí, èmi ni mo rí i. Ìwé ti ṣìṣe, ojú mi ló jàre. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pe màámi.

"Màámi, mo ti parí ẹ̀. Ó ku kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ah! Olúwa ṣeun! Ṣé ká ti máa wo aṣọ?"

"Ẹ rà á, Màámi. Ẹ rà á."

Ọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Mo gbé gíráàfù mi sára ògiri, mo ṣàlàyé, mo sì fi ìgbéraga díẹ̀ kún un. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe ìṣirò yẹn ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan.

"Láti ìlà kékeré yìí sí ńlá ọwọ́ ọ̀tún, mélòó ni?"

Mo sọ ọ́.

"Sí ti ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Mo wo ìwé mi. Nọ́ńbà kan náà ni. Mo wo kékeré kejì. Ó wà ní agbede-méjì àwọn ńlá méjì mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi rọra pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ara mi gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí, torí mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ní átọ́ọ̀mù tí kò sáré nìkan ló ń rí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bákan náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kù díẹ̀. Átọ́ọ̀mù mìíràn wà tó ń sáré ní ìwọ̀n kan gẹ́lẹ́, débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ bá ìlà kan mu, èyí tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn sì bá ìlà kejì mu. Tí àwọn ìlà méjèèjì bá ní ìpele kan tó pa wọ́n pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó le lè bọ́ átọ́ọ̀mù yìí yó lórí ìlà kìn-ín-ní, kí èyí tó rọ̀ sì dé bá a lórí ìkejì kó má lè jẹ. Òkè ṣóńṣó kan á dìde lórí gíráàfù, ní agbede-méjì àwọn méjèèjì gẹ́ẹ́. Crossover ni à ń pè é. Ó hàn lójú, ó ṣeé wọ̀n, kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n kò sí ìpele kankan nínú átọ́ọ̀mù tó bá a mu. Àwọn ìlà méjì ló bí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi rùbídíọ̀mù kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kékeré, níbi tí crossover ti sábà máa ń ga ju ìlà gidi lọ, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra. Nínú náítírójìn, nítorí pé mò ń retí àwọn ìlà tí kò lágbára, mo rí ohun tí kò lágbára, mo sì fún un ní orúkọ tí mo ti gbé lọ́wọ́ wá láti ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí àpò ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti fi ránṣẹ́ sí mi láti ọdún tí mo dé. Ó wà níbẹ̀. Ní 2006, Jennerich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Colby College ní ìpínlẹ̀ Maine tẹ iṣẹ́ dáadáa kan jáde lórí àwọn ìlà náítírójìn wọ̀nyí gan-an, pẹ̀lú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ méjì yìí. Ní 2010, àwọn mẹ́rin kan, Thomas Carette, Messaoud Nemouchi, Per Jönsson àti Michel Godefroid, tí iṣẹ́ wọn so Brussels, Algiers àti Malmö pọ̀, wò ó, wọ́n rí i pé nọ́ńbà inú rẹ̀ kò bá ìṣirò mu rárá. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ tan lésà padà. Gíráàfù tó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n ní: bí a bá pe àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyí ní crossover ńkọ́? Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò pẹ̀lú orúkọ tuntun, nọ́ńbà tó jáde bá ìṣirò mu dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe ìwọ̀n. Orúkọ ló yí padà.

Ìwé yẹn ti wà nílẹ̀ kí n tó tan lésà mi rí. Ti 2006 ni mo kà, mo fi ti 2010 sílẹ̀ nítorí pé àkọlé rẹ̀ jọ ti àwọn oníṣirò. Mo ka ìyẹn tán, mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo ògiri.

Ẹ má sì wá rò pé ìṣirò ló máa ń jàre nígbà gbogbo. Náítírójìn kan náà yìí ti dójú ti àwọn oníṣirò rí. Ní nǹkan bí ọdún 1929, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé prótọ̀n 14 àti ẹlẹ́kítírọ̀n 7 ló wà nínú kókó náítírójìn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21, tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ó sì yẹ kí spin kókó náà ní ìdajì kan lẹ́yìn. Franco Rasetti wo ìmọ́lẹ̀ tó ń tú ká lára náítírójìn, ó rí àwọn ìlà tó ń tẹ̀ léra, ọ̀kan lágbára, èyí tó tẹ̀ lé e kò lágbára tó o. Bí wọ́n ṣe tò yẹn kò bá 21 mu rárá. Spin tó pé, tí kò ní ìdajì, ni wọ́n ń tọ́ka sí. Kò sí orúkọ tí wọ́n lè fún àwọn ìlà yẹn tó máa yanjú rẹ̀. Ìgbà tí James Chadwick rí niútírọ̀n ní 1932 ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn: 7 àti 7, àpapọ̀ 14. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ló jàre, ìwé ló ṣìṣe.

Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè sọ ọ́ di ọba lórí ìkejì. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé. Mo rí ọmọ lójú ọ̀nà, mo fún un lórúkọ, mo tún sọ fún ayé pé ìdílé rẹ̀ ló ń purọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi pe màámi. Nígbà tí wọ́n pè mí fúnra wọn, mo ní iṣẹ́ náà máa pẹ́ sí i.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? O ní o ti parí ẹ̀."

"Màámi, mo rí ìlà kan láàárín ìlà méjì. Mo pè é ní ohun tí kì í ṣe."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. "Bíi ti ọjọ́ tí o gé bùrọ́kéèdì oníbàárà yẹn!"

Mo ti gbàgbé pátápátá. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Oníbàárà kan fẹ́ yáàdì mẹ́ta lára yáàdì márùn-ún. Màámi wọ̀n ọ́n, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, wọ́n ní kí n gé e níbi ìlà, wọ́n sì yí padà láti bá ẹlòmíràn ná ọjà. Mo tẹ́ aṣọ náà. Ìlà kan là á kọjá láàárín gbungbun, ó tọ́ ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ, ó tún hàn ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ. Mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ká aṣọ náà sí méjì láti ilé iṣẹ́ ni. Ó di yáàdì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì, èyí tí kò wúlò fún oníbàárà, tí kò sì wúlò fún wa.

Wọn ò nà mí. Wọ́n mú ègé méjèèjì, wọ́n tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, wọ́n ká a, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ìlà ni lóòótọ́. Ojú ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ò parí síbẹ̀. Kíká ló ti wá."

Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún màámi, ó sì yé wọn dé ibi tó le jù. Wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè tó dára: "Báwo lo ṣe máa wá mọ̀ pé orúkọ tuntun yìí ló tọ́? Àbí o tún ń fi ẹnu sọ ọ́ ni?"

Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá náítírójìn-14. Náítírójìn-15 ní prótọ̀n 7 bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n niútírọ̀n 8. Nínú afẹ́fẹ́, kò tó ẹyọ kan nínú 250, nítorí náà rírà ni a rà á, nínú ìgò kékeré tí owó rẹ̀ ò kéré. Àwọn onímọ̀ ti wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì kókó méjèèjì dáadáa láti ọ̀nà mìíràn. Láti ibẹ̀, a mọ̀ pé A ti náítírójìn-15 gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.40 ti ìkejì, kí ó sì dojú kọ òdìkejì. Kò sí ohun tí ìgbéraga mi lè ṣe sí nọ́ńbà yẹn.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta. Mo wọn náítírójìn-15, mo sì kọ́kọ́ fún àwọn ìlà rẹ̀ lórúkọ bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. 1.40 kò yọjú. Mo wá yọ gbogbo èyí tó bọ́ sí agbede-méjì kúrò nínú àwọn méjèèjì, mo pè wọ́n ní crossover, mo tún un ṣírò. Ẹ̀gbọ́n oníṣirò yẹn dúró lẹ́yìn mi nígbà tí nọ́ńbà náà jáde: 1.40, pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ bẹ òun, kí n ṣáà fi orúkọ àwọn sí ìwé náà. Mo fi í sí i.

Ọjọ́ tí mo gboyè, màámi ò lè wá. Orí fóònù la ti rí ara wa, àwọn nínú ìsọ̀ ní Gbági, èmi nínú ẹ̀wù gbọọrọ. Wọ́n dìde kí n lè rí aṣọ tí mo ní kí wọ́n rà ní àkókò tí kò tíì yẹ. Ó ti pẹ́ nínú àpótí. Wọ́n ti rán an, wọ́n ti lọ̀ ọ́, síbẹ̀ ìlà kan ṣì là á kọjá láti àyà dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ìlà wà láàárín aṣọ yín."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní, "Mo rí i. Ìwọ sáà má gé e."